Ọkọ̀ Tí A Kó Wálé àti Owó Ẹnu Ẹja

    

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí lè ya àwọn mìíràn lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni. Ẹnìkan lè béèrè pé, “Pásítọ̀, kí ni mọ́tò ń wá lójú ewé ìdílé Onígbàgbọ́?” Ẹ fi sùúrù gbọ́ wa. Ó ṣòro lónìí láti rí ìjọ tí kò ní ọmọ lẹ́yìn odi. Àwọn kan ń palẹ̀ mọ́ láti lọ, àwọn kan ń palẹ̀ mọ́ láti padà wá, nítorí ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Nígbà tí ìdílé bá sì ń kó láti ilẹ̀ kan lọ sí ilẹ̀ mìíràn, lọ́pọ̀ ìgbà ọkọ̀ ni ẹrù tó níye lórí jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń kó. Nídìí ẹrù yìí ni ọ̀pọ̀ Onígbàgbọ́ ti ń ṣe ohun tí wọn kò jẹ́ ṣe nídìí ohun mìíràn. Àwa pàápàá ti kọsẹ̀ níbẹ̀ rí, ohun tí a sì fẹ́ jẹ́wọ́ fún yín nìyẹn.

ÀÌSÙN ÒRU MẸ́TA

Arákùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ wà nínú ìjọ tí Olúwa fi wá ṣe olùṣọ́ rẹ̀. A kò ní dárúkọ wọn, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ló gbà wá láyè pé kí a sọ ìtàn yìí kí ẹlòmíràn lè fi kọ́gbọ́n. Ọdún 19 ni wọ́n lò ní ìlú Houston ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2023, wọ́n pinnu pé ó tó àkókò láti padà wálé pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Wọ́n ta ohun tí wọ́n lè tà. Ṣùgbọ́n wọn kò ta ọkọ̀ wọn, Toyota Sienna ti ọdún 2014. Wọ́n ti san owó rẹ̀ tán, wọ́n mọ ìtàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ sì fẹ́ràn rẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú èyí.

Nínú oṣù May ni wọ́n fi ọkọ̀ náà sínú ọkọ̀ ojú omi. Kí wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n ṣírò owó tí wọn yóò san fún kọ́sítọ́ọ̀mù ní Èkó, wọ́n sì ya á sọ́tọ̀. Nígbà yẹn, nǹkan bí ₦422 ni kọ́sítọ́ọ̀mù fi ń ka dọ́là kan. Ẹ̀yin náà rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú oṣù June ọdún yẹn. Ìjọba tú iye náírà sílẹ̀, kí oṣù náà sì tó parí, kọ́sítọ́ọ̀mù ti ń ka dọ́là kan ní ₦589. Kí oṣù July tó parí, ó ti kọjá ₦700. Ọkọ̀ ṣì wà lójú omi nígbà tí owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ di kékeré. Ṣé ẹ rí i pé kì í ṣe olè ni arákùnrin wa yìí? Ìṣòro gidi ló bá a.

Ibẹ̀ ni ajẹ́ǹtì kan ti fún un nímọ̀ràn. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣèyọnu. A óò kọ ọ́ pé ọkọ̀ ọdún 2008 ni. Owó orí ọkọ̀ tó ti pẹ́ kò tó ti tuntun. Gbogbo ènìyàn ló ń ṣe é.” Arákùnrin wa ronú sí i, ó fọwọ́ sí ìwé náà. Kò sọ fún wa. Kò tilẹ̀ kọ́kọ́ sọ fún ìyàwó rẹ̀.

Ọkọ̀ gúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò jáde. Wọ́n dá a dúró pé ìwé rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ nínú. Ọjọ́ ń lọ, owó ń gorí owó. Àwọn tó ni ilẹ̀ tí ọkọ̀ dúró sí ń ka owó tiwọn lójoojúmọ́, àwọn tó ni ọkọ̀ ojú omi náà ń ka tiwọn, èyí tí àwọn ará èbúté ń pè ní demurrage. Ìgbà náà ni tọkọtaya wá bá wa pé kí ìjọ bá wọn gbàdúrà. Àwa náà kò bèèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀. A pe àìsùn òru mẹ́ta. A kọrin, a pàtẹ́wọ́, a bá àwọn agbára tó ń di ọ̀nà ìbùkún wí. A pàṣẹ kí èbúté tú ohun tí ó dì mú sílẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ gbààwẹ̀. Àwọn ìyá wa tí ara wọn kò le wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹta, nígbà tí àwọn ènìyàn ti ń túká, arábìnrin wa dúró lẹ́yìn. Àpò ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Pásítọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo èyí. Alẹ́ àná ni mo rí i.” Ìwé méjì ni. Ọ̀kan ni ìwé ohun ìní tí ìpínlẹ̀ Texas fún wọn, 2014 ló wà lórí rẹ̀. Èkejì ni èyí tí wọ́n gbé fún kọ́sítọ́ọ̀mù, 2008 ló wà lórí tiẹ̀. Ó wá nàka sí nọ́ńbà gígùn tó wà lára ọkọ̀ náà, èyí tí wọ́n ń pè ní VIN, tí ó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17. Ó ṣàlàyé fún wa pé nínú àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, àmì kẹwàá nínú nọ́ńbà náà ló ń sọ ọdún ọkọ̀. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ 2008 ni, nọ́ńbà 8 ni ì bá wà níbẹ̀. Lẹ́tà E ló wà níbẹ̀, 2014 sì ni E. Láti ọdún 2022 ni kọ́sítọ́ọ̀mù wa sì ti ń fi VIN yìí díye lé ọkọ̀. Irọ́ tí wọ́n kọ sínú ìwé kò lè pa ohun tí wọ́n tẹ̀ sára irin rẹ́.

Ará, ojú tì wá. A kò lè gbé orí sókè wo arábìnrin náà. Òru mẹ́ta ni a fi bẹ Ọlọ́run òtítọ́ pé kó fi òǹtẹ̀ Rẹ̀ lu irọ́. A ti pe òfin ìlú ní Èṣù, a ti pe òṣìṣẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní ọ̀tá. Bí ọkọ̀ náà bá sì ti jáde lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, àwa gan-an ni à bá kọ́kọ́ jó. À bá pè é ní iṣẹ́ ìyanu lórí pẹpẹ, ọmọ ọdún 13 tí wọ́n bí, tó mọ ọdún tí bàbá rẹ̀ ra ọkọ̀, ì bá sì jókòó síbẹ̀ tí yóò máa gbọ́ wa.

A ránṣẹ́ pe arákùnrin wa. A kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ pé àwa tó yẹ kí a bi í léèrè kò bi í. Lẹ́yìn náà ni a sọ fún un pé kó lọ sọ òtítọ́, kó sì san ohun tó tọ́. Inú bí i. Ó ní, “Pásítọ̀, ajẹ́ǹtì ló kọ ọ́, èmi kọ́.” A bi í pé, “Ta ló fọwọ́ sí i?” Kò dáhùn. Ó dìde, ó lọ. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta gbáko ni a kò rí i.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó padà wá. Ó sọ fún wa pé òun kò lè ṣáájú àdúrà ìdílé mọ́. Bí òun bá ti ya ẹnu báyìí, ìwé yẹn ni òun ń rí. Ó gba ajẹ́ǹtì mìíràn tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ, ó kọ lẹ́tà, ó jẹ́wọ́ ọdún tí ọkọ̀ náà jẹ́ gan-an. Wọ́n tún owó rẹ̀ ṣírò. Ó san owó bodè tó pé, ó san ìtanràn, ó san owó gbogbo ọjọ́ tí ọkọ̀ ti dúró. Owó tí ìyàwó rẹ̀ tọ́jú láti fi ṣí ṣọ́ọ̀bù wọ inú rẹ̀ tán pátápátá. Inú oṣù September ni ọkọ̀ tó jáde.

Nígbà tó dìde láti jẹ́rìí nínú ìjọ, àwọn kan rò pé yóò sọ pé ọkọ̀ òun jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó sọ ni pé, “Ọkọ̀ náà jáde. Ó ná mi ju bó ṣe yẹ lọ, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi fà á. Mo ti bẹ ìyàwó mi. Ṣùgbọ́n mo ń sùn báyìí.” Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Ìjọ dákẹ́ rọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ni ìyá àgbà kan sọ pé, “Àmín.”

IṢẸ́ ÌYANU TI PÉTÉRÙ

Láti ìgbà náà, ìwé Máttéù orí 17, ẹsẹ 24 títí dé 27, kò kúrò lọ́kàn wa. Ẹ bá wa ṣí i nílé. Àwọn agbowó tẹ́ńpìlì tọ Pétérù wá ní Kápénámù, wọ́n bi í bóyá Olúwa rẹ̀ kì í san owó náà ni. Nígbà tí Pétérù wọlé, Jésù fi hàn án pé bó bá jẹ́ ti ẹ̀tọ́ ni, ọmọ kì í san owó orí nínú ilé bàbá rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wà láyé tó lẹ́tọ̀ọ́ láti má san owó yẹn, Òun ni. Síbẹ̀ Ó ní kí a san án, kí a má bàa mú wọn kọsẹ̀. Ó rán Pétérù lọ sí etí òkun pẹ̀lú ìwọ̀ ẹja. Ẹja tó kọ́kọ́ mú ni owó wà lẹ́nu rẹ̀, owó náà sì tó fún àwọn méjèèjì.

Ẹ wo ibi tí iṣẹ́ ìyanu náà wà. Olúwa kò fọ́ àwọn agbowó lójú kí Pétérù lè gba ẹ̀yìn wọn kọjá. Kò ní kí Pétérù sọ pé òun kì í ṣe ará ìlú náà. Láti rí owó san ni iṣẹ́ ìyanu wà fún. Pétérù náà sì ní iṣẹ́ tirẹ̀: ó gbé ìwọ̀, ó rìn dé etí omi, ó gbé owó náà lọ fún àwọn tó ni ín.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bí ọkọ̀ yín bá wà ní èbúté, ẹ máa gbàdúrà. Ẹ gbàdúrà kí Ọlọ́run fún yín ní owó tí ẹ óò san. Ẹ gbàdúrà kí ẹ bá olóòótọ́ ajẹ́ǹtì àti olóòótọ́ òṣìṣẹ́ pàdé. Ẹ gbàdúrà fún ojú rere níbi tí ìwé yín bá ti mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbàdúrà kí irọ́ yege. Àdúrà kò lè rọ́pò owó bodè, gẹ́gẹ́ bí Pọ́ọ̀lù ti kọ́ àwọn ará Róòmù ní orí 13 pé kí a san ohun tó tọ́ fún ẹni tó tọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù àti ẹ̀yin ajẹ́ǹtì tí ẹ wà láàárín wa náà. Ẹ ka Lúùkù 3, ẹsẹ 12 àti 13. Àwọn agbowó bodè tọ Jòhánù Onítẹ̀bọmi wá láti ṣe ìrìbọmi, wọ́n bi í pé kí ni kí àwọn ṣe. Kò ní kí wọ́n fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n má ṣe gbà ju iye tí a là sílẹ̀ fún wọn lọ. Ẹni tó ń gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ àti ẹni tó ń fún un, inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n jọ wà.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Ẹ MỌ̀ KÍ Ẹ TÓ DI ẸRÙ

Àìmọ̀ ló ń ti ẹlòmíràn sínú irọ́. Ó ti gbé ọkọ̀ tán kó tó mọ òfin, ó wá ń wá ọ̀nà ẹ̀bùrú. Nítorí náà, a ṣe ìwádìí díẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kó ọkọ̀ wá sí Nàìjíríà.

Èkínní, ẹ wo ọwọ́ tí sítíárìn wà. Láti ọjọ́ 2 oṣù April ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti fi ọwọ́ òsì sílẹ̀, tí a ń wakọ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún ọ̀nà. Ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún jẹ́ èèwọ̀ láti kó wọlé. Ẹ̀yin ará wa ní London, Manchester àti Birmingham, ẹ gbọ́ o: ọkọ̀ tí ẹ ń wà lọ́hùn-ún, bó ti wù kó dára tó, kì í ṣe èyí tí ẹ lè kó wálé. Ẹ tà á síbẹ̀.

Èkejì, ẹ wo ọjọ́ orí rẹ̀. Tòkunbọ̀ tó bá ti ju ọdún 12 lọ láti ọdún tí wọ́n ṣe é wà lára àwọn ohun tí kọ́sítọ́ọ̀mù fòfin dè.

Ẹ̀kẹta, ẹ ṣírò owó náà dáadáa. Ọ̀pọ̀ ló rò pé nítorí pé ọkọ̀ tí àwọn ti ń lò ni, àti pé àwọn ń padà sílé bàbá àwọn, kò ní sí owó lórí rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Aṣọ àti ohun èlò ilé tí a ti lò lè rí àánú gbà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ní owó tirẹ̀. Iye ọkọ̀, owó tí a fi gbé e àti owó ìbánigbófò rẹ̀ ni wọ́n ń ró pọ̀ kí wọ́n tó ka owó bodè lé e lórí. Kì í ṣe iye tó wà lórí rìsíìtì yín nìkan ni wọ́n ń wò, wọ́n ní iye tiwọn fún irú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nínú àtúnṣe ọdún 2022, wọ́n fi owó bodè sí 20 nínú 100, wọ́n sì fi owó àfikún ti ọkọ̀ àlòkù sí 15 nínú 100. Owó orí ọjà tí a ń pè ní VAT, tí ó jẹ́ 7.5 nínú 100, yóò tún gun orí gbogbo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Bí wọ́n bá ka ọkọ̀ pẹ̀lú owó ìkẹ́rù sí ₦10,000,000, owó bodè yóò jẹ́ ₦2,000,000, owó àfikún yóò jẹ́ ₦1,500,000. Àpapọ̀ wọn di ₦13,500,000. VAT lórí èyí jẹ́ ₦1,012,500. Ẹ rí i pé ó ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin àbọ̀ náírà, kí a tó dé orí àwọn owó kéékèèké mìíràn, owó èbúté, owó ajẹ́ǹtì àti owó nọ́ńbà ọkọ̀. Ìjọba a máa yí iye wọ̀nyí padà, iye dọ́là náà kì í sì í dúró lójú kan. Nínú oṣù February ọdún 2024, dọ́là kan tí kọ́sítọ́ọ̀mù ń kà ní ₦422 ní ìbẹ̀rẹ̀ June 2023 ti kọjá ₦1,400. Nítorí náà, ẹ béèrè iye tó wà nílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ gbé ọkọ̀, kí ẹ sì fi owó sílẹ̀ fún ìyípadà.

Ẹ̀kẹrin, ẹ jẹ́ kí ìwé yín bá ara wọn mu. Ẹ ka Ẹ́sírà orí 8. Nígbà tí Ẹ́sírà ń kó àwọn ènìyàn àti fàdákà àti wúrà padà láti Bábílónì, ó wọn gbogbo rẹ̀ fún àwọn àlùfáà kí wọ́n tó gbéra. Nígbà tí wọ́n dé Jerúsálẹ́mù, ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n tún un wọ̀n, wọ́n ka iye rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó gbààwẹ̀ fún ọ̀nà àlàáfíà ni Ẹ́sírà, síbẹ̀ ó ṣe ìwé. Bákan náà ni tiwa. Ní Amẹ́ríkà, a gbọ́dọ̀ gbé ìwé ohun ìní ọkọ̀ fún kọ́sítọ́ọ̀mù tiwọn ó kéré tán wákàtí 72 kí ọkọ̀ tó kúrò. Ní Bìrìtìkó, ẹni tó bá ń gbé ọkọ̀ kúrò nílùú pátápátá gbọ́dọ̀ jẹ́ kí DVLA mọ̀. Orúkọ, ọdún àti nọ́ńbà VIN tó wà nínú ìwé wọ̀nyí gbọ́dọ̀ bá ti ìwé ìkẹ́rù mu, bá ti ara ọkọ̀ mu.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ má ṣe gba ọ̀nà fàyàwọ́. Nígbà kan, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ń gúnlẹ̀ sí Kútọnu tó sì ń gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé. Láti ọjọ́ 1 oṣù January ọdún 2017, ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti ibodè orí ilẹ̀. Èbúté ojú omi nìkan ló kù. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun mọ ọ̀nà inú igbó kan, ẹ̀wọ̀n ló ń fi hàn yín.

Ẹ̀kẹfà, ẹ má ṣe fi ẹrù pamọ́ sínú ọkọ̀. Àwọn kan a máa di ẹ̀rọ àti aṣọ títà sínú búùtù, wọn kò sì ní kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹrù tí a kò kọ jẹ́ ẹrù tí a fi pamọ́.

Ẹ̀YIN TÍ Ẹ Ń LỌ ŃKỌ́?

Àwọn kan tó ń kó lọ sí Bìrìtìkó náà ti bi wá léèrè bóyá àwọn lè gbé ọkọ̀ àwọn lọ. Òfin ibẹ̀ fi àyè kan sílẹ̀: ẹni tó ń kó wá gbé ibẹ̀ lè tọrọ pé kí wọ́n má gba owó bodè àti VAT lórí ọkọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ti gbé lóde ilẹ̀ wọn fún oṣù 12 ó kéré tán láìdáwọ́ dúró. Ó gbọ́dọ̀ ti ní ọkọ̀ náà, kó sì ti lò ó fún oṣù 6 kó tó kó. Lẹ́yìn tó bá dé, kò gbọ́dọ̀ tà á, kò gbọ́dọ̀ fi yá ẹnikẹ́ni tàbí fi háyà, títí oṣù 12 yóò fi pé, àfi bó bá san owó rẹ̀.

Ẹ̀yin náà ti rí ibi tí ìdánwò wà. Ẹ̀gbọ́n kan tàbí ọ̀rẹ́ kan yóò ní, “Jẹ́ kí n fi orúkọ rẹ gbé tèmi lọ.” Àánú tí òfin ṣe fún ẹni tó ń kó ilé kì í ṣe fún oníṣòwò. Ẹni tó bá yá ènìyàn ní orúkọ rẹ̀ láti fi purọ́ ti purọ́ náà.

Ẹ JÓKÒÓ, Ẹ ṢÍRÒ

Olúwa wa sọ nípa ọkùnrin kan tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, nínú Lúùkù 14, ẹsẹ 28, pé ó yẹ kó kọ́kọ́ jókòó ṣírò ohun tí yóò ná an. Ẹ ṣàkíyèsí pé jíjókòó ló ṣáájú. Ẹ jókòó, ọkọ àti aya, kí ẹ tó gbé ọkọ̀. Ẹ kọ iye tí ẹ lè rí bí ẹ bá tà á lọ́hùn-ún sí apá kan. Ẹ kọ gbogbo ohun tí yóò ná yín kó tó dé ẹnu ọ̀nà ilé yín sí apá kejì. Bó bá jẹ́ pé títà ló dára jù, ẹ tà á. Kò sí ìtìjú nínú kí ènìyàn padà wálé láìní ọkọ̀. Àwọn tí Ẹ́sírà kó wálé kò fi ẹṣin ṣe fújà.

Bí ẹ bá sì rí i pé gbígbé e wá ló dára, ẹ gbé e wá pẹ̀lú ọwọ́ mímọ́. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ “gbogbo ènìyàn ló ń ṣe é” wọ ilé yín. Àwọn ọmọ yín ń gbọ́. Ẹni tó bá kọ́ ọmọ rẹ̀ pé kó má jí ìwé wò nínú ìdánwò, tó sì wá yí ọdún ọkọ̀ padà lójú ọmọ náà, ó ti fi ọwọ́ kejì pa ohun tí ó fi ọwọ́ kìíní kọ rẹ́. Bí irọ́ bá sì lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti ṣe irú ohun tí arákùnrin wa ṣe, a kò kọ èyí láti dá yín lẹ́bi. Ọ̀nà ìpadàbọ̀ ṣì ṣí sílẹ̀. Sákéù náà jẹ́ olórí agbowó bodè, nígbà tó sì ronú pìwà dà, àpò rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ṣí. Ẹ lọ sọ òtítọ́. Yóò ná yín ní nǹkan. Olúwa tó mọ ẹja tí owó wà lẹ́nu rẹ̀ mọ ibi tí tiyín wà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀDÚRÀ ÌDÍLÉ

Ẹ ka Máttéù 17:24-27 papọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ dáhùn:

1. Kí ló dé tí Jésù fi san owó tí kò yẹ kí Ó san?
2. Ǹjẹ́ ohun kan wà nínú ilé wa tí ìwé rẹ̀ kò sọ òtítọ́?
3. Ǹjẹ́ àdúrà kan wà tí à ń gbà tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ lọ tún nǹkan ṣe?

Ẹ JẸ́ KÍ A GBÀDÚRÀ

Baba wa ọ̀run, dárí jì wá níbi tí a ti fi orúkọ Rẹ bo irọ́ mọ́lẹ̀. Dárí ji àwa olùṣọ́ tí a gbàdúrà láìbèèrè. Rántí àwọn ọmọ Rẹ tó ń lọ àti àwọn tó ń bọ̀, mú wọn gúnlẹ̀ láyọ̀. Pèsè owó fún àwọn tí ẹrù wọn wà ní èbúté, fún àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní ọkàn tó bẹ̀rù Rẹ, kí ìwé wa àti ọkàn wa lè mọ́ níwájú Rẹ. Ní orúkọ Jésù ni a gbàdúrà. Àmín.

Títí a óò fi tún pàdé lóṣù tó ń bọ̀, oore-ọ̀fẹ́ Olúwa wa Jésù Krístì yóò máa wà pẹ̀lú ìdílé yín.